Ibi Tí Ọkọ̀ Ti Ń Mí

Kí ọkọ̀ àbúrò mi tó yọ lójú títì la ti gbọ́ ọ. Àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọyẹ́ ti bo gbogbo agbègbè Orígbó, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn igi tó wà ní òdìkejì títì. Ìró kan dìde láti apá Gbọ̀ngán, ó ń hó, ó ń fà ṣùrùrù bí ẹni tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bàbá Kékeré wà lábẹ́ Peugeot 504 kan nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Kò yọrí. Ó kàn ní, "Ẹni tó ń bọ̀ yìí ti ṣí imú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀."

Àbíkẹ́yìn òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ láti Èkó.

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré, mẹkáníìkì sì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí títì márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá, tó ń lọ sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ọ́ìlì ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ kò mọ Ẹdúnàbọ̀n, ìlú wa, ju ibi tí wọ́n ń gbà kọjá lọ: wọ́n ti ra dòdò ní Ìkirè, wọ́n ti kọjá Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ ló kù lọ́kàn wọn. Àwa tí ilé wa wà níbẹ̀ la mọ ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí bàtà kúrò lójú kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń kúnná bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló sì máa gbé e dìde fún gbogbo àdúgbò.

Níbi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, àgbẹ̀dẹ bàbá òun àti bàbá mi ló wà níbẹ̀ rí. Ní agbègbè Ifẹ̀, wọn kì í fojú kékeré wo iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Títí di òní wọ́n ṣì ń dárúkọ Ògúnládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Bàbá Kékeré ló ń finná fún bàbá wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹwìrì ìgbà náà kì í ṣe oníná mànàmáná bíi ti ìsinsìnyí. Igi gbígbẹ́ tó ní ihò méjì bí ọpọ́n ni, awọ ewúrẹ́ ló bo ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá méjì sì dúró lórí awọ. Ọmọ tó ń finná á máa tẹ ọ̀kan, á máa fa èkejì, títí ọwọ́ á fi kú. Ẹnu ẹwìrì kì í wọ inú iná. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà amọ̀ kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sídìí èédú, àlàfo díẹ̀ á sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Bàbá Kékeré wo àlàfo náà lọ́jọ́ kan, ó rò pé ṣe ni afẹ́fẹ́ ń ṣòfò níbẹ̀. Ó po amọ̀, ó dí i pa.

Iná ràn gan-an fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fa ọ̀pá sókè, ẹwìrì kò ríbi mí sí mọ́ àfi inú iná. Ó fa ooru àti ẹta iná wọ inú ara rẹ̀, awọ ewúrẹ́ sì jó. "Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn," ó máa ń sọ, "òun gan-an ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà ogún. Ó gbé Honda Civic tókunbọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi, ó kí wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láìka eruku sí, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí àwa fúnra wa tó bi í. Àpótí oníke dúdú tí Honda fi bo fílítà kò sí níbẹ̀ mọ́. Páìpù kúkúrú kan ló wà nípò rẹ̀, fílítà pupa kan sì wà ní ẹnu rẹ̀, ó fẹ̀ nídìí, ó ṣọnṣó lórí. Àwọn ọmọṣẹ́ wò ó, ọ̀kan nínú wọn sọ pé òkòtó ni. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára ní ṣọ́ọ̀bù wa di òní.

Ó tún gbé nǹkan kan jáde nínú búùtù: páìpù gígùn kan tó ń dán, tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irú èyí tó máa ń gba inú ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn bọ́ńpà. Òkòtó tirẹ̀ á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ló ti rà á. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ni mo rà á fún," ó ní. "Ẹ wo bí owó epo ṣe dà. Tí Corolla yín bá ń mí dáadáa, epo tó ń mu máa dínkù."

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí a ń rà ní ohun tí kò pé ₦200 di ohun tó lé ní ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Olùkọ́ ni mí, ojoojúmọ́ ni mo ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní àkókò náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kí n fi ewé ẹ̀fọ́ dí ẹnu táǹkì kí epo má baà tètè tán, bóyá ni n kò ní gbìyànjú rẹ̀.

Bàbá Kékeré jáde lábẹ́ 504, ó nu ọwọ́. Ó yí páìpù náà wò. Kò bú u, kò yìn ín. "Ìsinmi ọdún la wà yìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Bí Corolla mi ṣe di pápá ìdíje nìyẹn. Ti ọdún 2003 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 130 nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń mí ẹ̀kún ikùn kan láàrin ìyípo méjì. Bó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí tọ́tù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, sì ṣí tán, á fa nǹkan bíi lítà 2,700 afẹ́fẹ́ láàrin ìṣẹ́jú kan náà. Gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń bá gíráàmù kan epo jó. Nítorí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́, lítà epo kan ṣoṣo máa jẹ nǹkan bíi lítà 9,000 afẹ́fẹ́ kó tó tán. Epo tí à ń tò fún, tí à ń jà lé lórí, òun ló kéré jù nínú oúnjẹ ọkọ̀.

Ooru wá ni ọ̀tá. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ṣe ló máa ń fẹ̀, á wá dà bíi kóńgò gàárì tí ìyá ọlọ́jà fi ọgbọ́n rọra dà: ó kún tẹ́nu lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Ìwọ̀n 10°C kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná sí i, á pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á fà á tán bó ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀, agbára tó máa rí nínú rẹ̀ ló máa dín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, a fi ọkọ̀ sílẹ̀ bí Toyota ṣe ṣe é, àfi pé a pààrọ̀ fílítà ìwé inú rẹ̀ sí tuntun. Ọ̀sẹ̀ kejì, a yọ àpótí fílítà rẹ̀, a fi òkòtó inú Civic sípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, páìpù gígùn. Àbúrò mi ní sikánà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tó ń kọ gbogbo nǹkan sórí fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ ní títì, a máa ń lọ sí ojú ọ̀nà kan tó tẹ́jú, a ó wọ gíà kẹta, a ó tẹ̀ ẹ́ láti 60 dé 100, a ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Lílọ lẹ́ẹ̀mẹta, bíbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé Bàbá Kékeré ní ọ̀nà tó bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ àti atẹ́gùn ọyẹ́ lè parọ́ fúnni.

Ọjọ́ tí a fi òkòtó sí i, inú mi dùn débi pé mo ṣí gíláàsì sílẹ̀ nínú òtútù. Ọkọ̀ olùkọ́ wá ń ké bí ẹkùn! Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lójú pé mo ń fò. Nígbà tí a ka àáyá, eré tí mo rò pé mo sá kò sí níbẹ̀. Ohun tí àpótí ṣe é ló ṣe. Ìyẹn ní àárọ̀ tútù o. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí a ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Lágere nínú Ifẹ̀, sikánà sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti kọjá 60°C, nígbà tí ìta kò ju 34°C lọ. Ọkọ̀ wá ń ṣe bí ẹni tó gbé irin lérí. Àtìgbà tí Bàbá Kékeré ti jẹ ìgbátí ẹwìrì ló ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, kò kàn sọ̀rọ̀ ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àpótí oníke tí a ti yọ kúrò. A tọ ẹnu rẹ̀ lọ, a rí i pé ẹ̀yìn iná iwájú ló ti ń fa afẹ́fẹ́, níta gbangba, kò fà á nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Nígbà tí àbúrò mi ṣì ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn ará Toyota ti ṣe afẹ́fẹ́ tútù tó ń ná owó lé lórí. Wọ́n tún so ike kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dà bí ìgò tó ṣófo. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gé e kúrò, wọ́n ní ó ń dí ọkọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Kò dí nǹkan kan. Ariwo ló wà fún: ìró tó bá wọ inú rẹ̀ á máa kọlu ara wọn títí wọ́n á fi rọlẹ̀. Ẹkùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ mi, inú rẹ̀ ló ti wà láti ọdún 2003, àpótí ló ń gbé e mì.

Mi ò ní purọ́ mọ́ páìpù gígùn. Òun yára díẹ̀, pàápàá lókè lọ́hùn-ún níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tutù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó àáyá kan, ó sì di dandan kí n fa gíà títí etí mi fi dun mí kí n tó rí i. Lójú títì wa, tí kòtò ń kọ́ni ní sùúrù, ibo ni mo fẹ́ lò ó sí?

Ti epo ńkọ́? Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kò dínkù. Ọ̀sẹ̀ òkòtó ni mo ra epo jù, nítorí pé mo ń tẹ tọ́tù kí n lè gbọ́ ìró. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Oak Ridge, ní Tennessee l'Amẹ́ríkà, ní ọdún 2009. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí fílítà àwọn ọkọ̀ kan láti wo bí epo ṣe máa ṣe. Nínú ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí, epo kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sáré gan-an ni ọkọ̀ máa ń lọ́ra. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kàbúrétọ̀ nìkan ló jẹ epo sí i. Ó sì bọ́gbọ́n mu. Bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́, tọ́tù fúnra rẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀nà ọ̀fun dé. Kí ni ẹni tó há ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ fẹ́ fi géètì gbàràmù-gbaramu ṣe?

Orí fóònù ni àwa ti ń ka gbogbo èyí. Bàbá Kékeré kò fẹ́ràn fóònù. Áńkáṣíìfù funfun ló gbà gbọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á tú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà, á wé áńkáṣíìfù mọ́ ìka, á fi nu inú rẹ̀ yí ká. Ti àpótí àti fílítà ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bó ṣe wọlé. Ti òkòtó, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni pé ìyàwó tuntun kan fi ọwọ́ osùn kàn án. Ti páìpù gígùn rí bẹ́ẹ̀, ó tún lọ́ràá. Ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi nọ́ọ̀tì tẹ etí wọn kí ọyẹ́ má gbé wọn lọ, ó sì lọ jẹun.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku ilé lásán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́. Atẹ́gùn á gbé e kọjá Kánò, kọjá odò Ọya, títí á fi dé orí aṣọ tí a sá sí Ẹdúnàbọ̀n. Àwọn èyí tó kúnná jù, tójú kò rí, tí wọ́n sì le bí òkúta, ló ń wọ àárín písítìnì àti ilé rẹ̀, tí wọ́n ń ha á bí ẹni fi yanrìn fọ ìkòkò. Ọkọ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Òwú tí wọ́n fi òróró rẹ ni irú òkòtó yẹn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: K&N, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1969, ló sọ ọ́ di olókìkí kárí ayé. Ihò òwú fẹ̀ ju ti ìwé lọ, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi ń rí ọ̀nà gbà. Òróró ló yẹ kó mú eruku. Àwọn tó ń dán fílítà wò ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní ISO 5011: wọ́n á wọn eruku tó wọlé, wọ́n á wọn èyí tó kọjá. Bí ọ̀kan bá mú 99 nínú 100, tí èkejì mú 97, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n 1 ló kọjá níhìn-ín, 3 ló kọjá lọ́hùn-ún, ẹ́ńjìnnì kan sì máa jẹ ìlọ́po mẹ́ta yanrìn tí ìkejì jẹ. Bí wọ́n bá tún da òróró náà jù, á lọ lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín inú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa ka ìsọkúsọ, iná "check engine" á sì tàn. Tèmi tàn ní ọjọ́ kẹrin ọ̀sẹ̀ kẹta.

"Ẹ wá wo ti àwọn àgbà," Bàbá Kékeré ní, nígbà tó jẹun tán. Ó ṣí fílítà 504 tó ń tún ṣe. Kò sí ìwé, kò sí òwú, àwo irin kan tí ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ìjàpá Volkswagen ayé àtijọ́ lo irú rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 náà lò ó. Afẹ́fẹ́ á sáré sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ́ìlì á yí padà sókè lójijì; eruku tó wúwo kò ní lè yí, bí dánfó tó sáré jù dé kọ́nà, á já sínú ọ́ìlì. Ó fi ìka gbé ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè hàn wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń to 504 ní Kàdúná ní 1975 ni irú ọkọ̀ yìí ti ń gbé èrò gba inú eruku kọjá. Ọdún yẹn náà ni 504 borí nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún borí níbẹ̀ ní 1978. Ó sọ ìyẹn bí ẹni pé òun ló wà á.

Mo dá àpótí Toyota padà sáyè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Páìpù gígùn tí wọ́n rà fún mi, àbúrò mi gbà á, ó lọ fi sínú Civic tirẹ̀, a sì gbé òkòtó pupa kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò gùn. Oṣù Keje 2024 ni, òjò Èkó. Omi wà lójú ọ̀nà, kò tiẹ̀ jìn, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń kọjá. Ẹnu páìpù rẹ̀ ló wà lẹ́yìn bọ́ńpà, nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Omi ni ó fà. Písítìnì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò lè fún omi pọ̀. Ohun tó wà láàrin wọn ló máa tẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ ọ wá sí Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá Kékeré tú ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Ó yọ kọ́nrọ́ọ̀dù kan tó ti wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n bí ní ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ́ńjìnnì àlòkù tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m, tí wọ́n rà ní Àràrọ̀mí, ní Ágódì Gate n'Ìbàdàn, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dá àpótí oníke Honda padà.

Oṣù méjì kọjá. Nígbà tí àbúrò mi tún wálé, ọkọ̀ rẹ̀ dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó jókòó lórí táyà, ojú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá mi, ọkọ̀ náà ti yadi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, òkòtó yẹn ńkọ́?"

Mo rò pé bàbá rẹ̀ máa lé e kúrò. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó wọlé, ó mú òkòtó pupa náà wá lórí ìṣó tí a gbé e kọ́. Ó wá páànù kan, ó gbé e lé orí irin tí bàbá wọn fi ń lu ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú pẹlẹpẹlẹ. Ó fi ọ̀sán kan lù ú di ògiri kékeré tó yí òkòtó náà ká, tó ya ẹ́ńjìnnì gbígbóná sọ́tọ̀, ó sì fi ẹnu sílẹ̀ fún un sí ẹ̀yìn iná iwájú, lókè, níbi tí omi kò lè dé. Ó ní kí ìyàwó òun rán ìbòrí aṣọ fún òkòtó náà nítorí eruku. Ó fún ọmọ náà ní áńkáṣíìfù kan: kó máa mú un wá fi han òun ní gbogbo ọdún Àjíǹde.

Nígbà tó ń lọ nírọ̀lẹ́, ìró náà ti padà, ṣùgbọ́n ó nípọn, kò fi bẹ́ẹ̀ hó mọ́. A dúró létí títì. Ọkọ̀ náà sọnù lójú wa ní ìhà Gbọ̀ngán. Etí ni a fi ń sìn ín.

"Ó ti wọ gíà kẹta," Bàbá Kékeré ní, ó sì padà sábẹ́ 504.